Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Ra Sípíkà

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó yẹ kí ó rí bí baálé bá fẹ́ ra sípíkà tí ń mú ohùn sinimá yí ènìyàn ká nínú pálọ̀. Ẹ̀yin abiyamọ Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Emùré, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wọn dá sí i, nítorí etí àti oorun ọmọ wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ẹni tí ó bá ti ké sókè lẹ́bàá àpáta ńlá mọ̀ pé ohun líle kì í gbé ohùn mì. Ṣe ni ó ń dá a padà. Bẹ́ẹ̀ ni ògiri sìmẹ́ńtì àti ilẹ̀ oní-táìlì ń ṣe. Ọ̀rọ̀ kì yóò já gaara, baálé yóò sì máa yí ohùn sókè. Nítorí náà, kí ẹ tó náwó sí sípíkà ńlá, ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ẹ ta kọ́tìnnì tí ó nípọn. Kíjìpá ìyá àgbà tí ó wà nínú àpótí pàápàá wúlò lára ògiri.

Àkójọ tí ó wọ́pọ̀ ní sípíkà 5, pẹ̀lú ẹyọ 1 tí ń dún kíkẹ̀. Ẹ fi wọ́n wé ẹgbẹ́ onídùndún. Sípíkà àárín, lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ni ìyáàlù. Òun ni ó ń gbé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ òṣèré jáde. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ dán wò nílé ìtajà, pẹ̀lú eré tí ẹ mọ̀ dáadáa, kí ohùn sì wà nílẹ̀. Méjì yóò wà lọ́tùn-ún àti lósì tẹlifíṣọ̀n. Méjì ìyókù, àwọn omele, yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó, kí wọ́n fà sẹ́yìn díẹ̀, kí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ bàtà 1 sí 2 ga ju etí ẹni tí ó jókòó lọ. Ẹ kàn wọ́n mọ́ ògiri dáadáa, kí ọmọ tí ń kọ́ ìrìn má baà fà wọ́n lu ara rẹ̀. Ẹ gba ìdí ògiri fa wáyà.

Èyí tí ń dún kíkẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ jù. Igun ilé a máa fi kún agbára rẹ̀, ohùn rẹ̀ a sì máa la ògiri kọjá. Ẹ má ṣe gbé e ti ògiri tí ibùsùn ọmọ tàbí yàrá alájọgbé wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ìlànà lélẹ̀ fún ẹ̀rọ orin tí a ń fi sétí: 75 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ni òdiwọ̀n tí wọ́n fún ọmọdé. Ní ilé tiwa, ìdánwò rírọrùn kan wà: bí ẹ bá ní láti pariwo kí ẹni tí ó wà ní ìwọ̀n apá kan sí yín tó gbọ́, ohùn náà ti pọ̀ jù. Etí tí ariwo bá bàjẹ́ kì í hù padà.

Ẹ jẹ́ kí ìgbádùn baálé àti oorun ọmọ jọ gbé inú ilé kan náà.