ÒKÚTA NI ÌYÁ ILẸ̀ OKO

 

Kí ló dé tí kòkó fi ń ṣe dáadáa nínú oko kan, tí ewé rẹ̀ sì ń rọ nínú òmíràn, bẹ́ẹ̀ òjò kan náà ló ń rọ̀ sí méjèèjì? Nígbà púpọ̀, òkúta abẹ́ ilẹ̀ ló fà á. Òkúta tó jẹrà ló ń di ilẹ̀ tí à ń ro.

Láti Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn, Òṣogbo àti Àkúrẹ́, òkúta líle ló wà lábẹ́ wa. Àpáta Ìdànrè, nísàlẹ̀ ilẹ̀ ló ti tutù tó sì le ní nǹkan bí mílíọ̀nù 600 ọdún sẹ́yìn. Kò hù bí igi o. Ilẹ̀ tó bò ó ni àgbàrá ń gbé lọ díẹ̀díẹ̀, títí orí rẹ̀ fi yọ síta.

Ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà so pọ̀ nígbà kan. Wọ́n ya ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù 100 ọdún sẹ́yìn, òkun wọ àárín wọn, odò sì ń kó iyanrìn wá sí etí rẹ̀.

Yìnyín pàápàá lọ́wọ́ sí i, bí kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ní nǹkan bí 20,000 ọdún sẹ́yìn, omi púpọ̀ di yìnyín ní àríwá ayé, òkun sì fà sísàlẹ̀ ní nǹkan bí mítà 120. Àwọn odò wa gbẹ́ ojú ọ̀nà wọn jinlẹ̀. Nígbà tí yìnyín yọ́, òkun padà wá bo ẹnu wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sà Èkó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ní 1962, Smyth àti Montgomery tẹ ìwé jáde lórí ilẹ̀ oko àárín gbùngbùn ìhà wa. Ilẹ̀ tí wọ́n pè ní Ẹgbẹ́dá wá láti ara òkúta tí hóró rẹ̀ kúnná: amọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, ó ń dá omi dúró, kòkó sì fẹ́ràn rẹ̀. Èyí tí wọ́n pè ní Ìwó wá láti ara òkúta tí hóró rẹ̀ tóbi: iyanrìn pọ̀ nínú rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó gbin kòkó, ẹ gbẹ́ ihò jíjìn kan. Ẹ bu ilẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ fi omi díẹ̀ rin ín, kí ẹ yí i láàárín ọwọ́. Bí ó bá gùn bí okùn láì já, amọ̀ wà níbẹ̀. Bí ó bá tú ká, iyanrìn ló pọ̀. Ẹ̀gẹ́ ló yẹ ẹ́ jù.

Bí oko yín bá wà ní ẹsẹ̀ àpáta, ẹ kọ ebè ní ìbú sí ọ̀nà tí omi ń gbà ṣàn, kí ẹ sì fi koríko bo ilẹ̀. Ilẹ̀ tí òkúta fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún dà, òjò ọ̀sán kan lè gbé e lọ.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Oko kò ní sú yín o.