Ọ̀rọ̀-ìṣe "Take" Nínú Aáyan Ògbufọ̀

Gbogbo àwa tí a ń kọ́ni ní aáyan ògbufọ̀, tí a sì ń máàkì ìwé ìdánwò, la mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéékèèké, tí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé òun ti mọ̀ tán, ló sábà máa ń gbé e ṣubú. Ọ̀kan nínú wọn ni "take". Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe yìí kò ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo ní èdè Yorùbá. Àbọ̀ rẹ̀ àti àyíká ọ̀rọ̀ ni a ó fi mọ èyí tí ó yẹ.

Àlejò ni "take" fúnra rẹ̀ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Scandinavia, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀dó sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, ni wọ́n ti yá a. Nígbà tí ó yá, ó gba ipò "niman" tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí ènìyàn ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí nǹkan nípò:

1(a) Ó mú ṣíbí.
(b) Ó gbé àpótí.
(d) Ó kó ṣíbí.
(e) Ó bu iyọ̀.
(ẹ) Ó gba owó lọ́wọ́ mi.

"Take" lè dúró fún márààrún. Ṣùgbọ́n ohun kan tí kò wúwo ni a ń mú; èyí tí ó gba agbára ni a ń gbé; èyí tí ó ju ẹyọ kan lọ ni a ń kó. Nítorí náà, bí Gẹ̀ẹ́sì bá wí pé "She took the spoons", "Ó kó ṣíbí náà" ti tó. Ọ̀rọ̀-ìṣe wa ti sọ iye tí Gẹ̀ẹ́sì fi "s" sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò kọ "àwọn" níbẹ̀ kò yẹ kí ó pàdánù máàkì.

Níbòmíràn, kò sí ohun tí ọwọ́ ń ṣí nípò rárá. A ń wọ bọ́ọ̀sì, a ń ya fọ́tò, a ń ṣe ìdánwò. Ọmọ ń jọ bàbá rẹ̀, ìpàdé sì ń wáyé. Bí "off" bá tẹ̀lé e, a ó bọ́ aṣọ, a ó ṣí fìlà, bàlúù yóò sì gbéra.

Àpẹẹrẹ tí ó ń kọ wá lóminú jù ni "She took the medicine". Oríṣi ìdáhùn mẹ́rin ni a lè rí:

2(a) Ó lo oògùn náà.
(b) Ó mu oògùn náà.
(d) Ó mú oògùn náà.
(e) Ó gba oògùn náà.

Bí àyọkà bá sọ pé ara obìnrin náà kò yá, 2(a) tọ̀nà. 2(b) náà tọ̀nà bí oògùn bá jẹ́ olómi. Àmì ohùn kan péré ló ya 2(b) àti 2(d) sọ́tọ̀, síbẹ̀ ẹni inú 2(d) lè má fi oògùn kan ẹnu. Bí ó bá jẹ́ pé ó mú un lórí tábìlì, tí ó sì fi í sínú àpò, 2(d) nìkan ló tọ̀nà. Bí nọ́ọ̀sì bá nà án sí i, 2(e) ni. Ẹni tí ó bá ń fi ìdáhùn kan ṣoṣo máàkì láìwo àyọkà yóò fìyà jẹ aláìṣẹ̀.

Ìmọ̀ràn wa nìyí. Kí olùkọ́ má ṣe kọ "take = mú" sójú pátákó; odidi gbólóhùn ni kí ó máa fi kọ́ni. Kí ẹni tí ń ṣètò ìbéèrè fún akẹ́kọ̀ọ́ ní àyíká ọ̀rọ̀ tí ó tó. Kí ìlànà ìmáàkì sì to gbogbo ìdáhùn tí àyọkà náà gbà lẹ́sẹẹsẹ, kí ọmọ tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa má baà fìdí rẹmi lọ́wọ́ wa.