Fìtílà Tàbí Bátìrì? Ọ̀rọ̀ Lórí Ìmọ́lẹ̀ Inú Ilé Kòkó

Ẹ̀yin àgbẹ̀, àti ẹ̀yin tí ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ yìí. Bí fìtílà elépo bá ń rú èéfín lóru nínú ilé tí ẹ kó kòkó sí, hóró kòkó lè fa òórùn èéfín náà mu, bí ẹ tilẹ̀ tún un sá, kò ní lọ mọ́. Àwọn tí ń ṣe ṣokoléètì kì í fẹ́ irú rẹ̀.

Ẹ wo èbúté Abidjan. Ní ọdún 1950 ni a ṣí ojú omi Vridi, tí a gbẹ́ la iyanrìn kọjá fún nǹkan bíi kìlómítà 2.7, kí ọkọ̀ òkun lè wọ inú ọ̀sà. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ kòkó Ivory Coast, orílẹ̀-èdè tí ń pèsè kòkó jù lọ ní ayé, ti ń gba ibẹ̀ jáde. Àwọn ará wa láti Ejigbo tí ń gbé Treichville, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté náà, mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a bá ń yẹ kòkó wò, 300 hóró ni a ń là sí méjì, kí a lè rí èyí tí ó bu àti èyí tí kòkòrò jẹ. Ta ni yóò rí wọn nínú ìmọ́lẹ̀ bàìbàì?

Nítorí èyí ni àwọn kan ṣe ń fẹ́ fi bátìrì ọkọ̀ tan iná gbọọrọ tí a ń pè ní fluorescent. Èrò náà dára, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ṣóòkù rẹ̀, ìyẹn ohun èlò tí ń tan iná náà tí ó sì ń kó o níjàánu. Ṣóòkù ilé, tí a fi irin àti wáyà ṣe, iná tí ń lọ tí ń bọ̀ ni ó mọ̀; ti bátìrì kì í yí padà. Ṣóòkù ẹlẹ́kitirónííkì ti ilé pẹ̀lú ń retí fólítì 220, èyí tí ó kọ́kọ́ ń sọ di nǹkan bíi 310 kí ó tó ṣiṣẹ́. Fólítì 12 kò lè jí i. Ẹ má sì ṣe so bátìrì púpọ̀ pọ̀ láti fi dé 310, nítorí irú agbára bẹ́ẹ̀ a máa pa ènìyàn.

Ṣóòkù tí a ṣe fún bátìrì fólítì 12 ni kí ẹ rà. Iná wáàtì 20 yóò gba nǹkan bíi áńpíà 2. Bí bátìrì yín bá jẹ́ áńpíà-wákàtí 60, ìdajì rẹ̀ nìkan ni kí ẹ lò, kí ó lè pẹ́: wákàtí 15 nìyẹn. Ẹ fi fíúsì sí ẹ̀gbẹ́ bátìrì, ẹ sì gbé e síta ilé kòkó níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, nítorí afẹ́fẹ́ tí ń jáde nígbà tí a bá ń ṣáájì rẹ̀ a máa gbiná.

Ẹ rántí pé makúrì wà nínú iná gbọọrọ. Kí ó má fọ́ sórí kòkó. Ní ọdún 2023, àwọn ìjọba tí ó fọwọ́ sí Àdéhùn Minamata pinnu pé ṣíṣe rẹ̀ àti rírà á wọlé yóò dópin nígbà tí ọdún 2027 bá parí. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ra tuntun, iná LED fólítì 12 ni kí ẹ yàn: kò nílò ṣóòkù wọ̀nyẹn, kò sì ní makúrì.

Ohun tí a fi oṣù púpọ̀ gbìn, kí a má ṣe fi èéfín òru kan bà á jẹ́.