Fáìlì tí ó ń béèrè àṣẹ alábòójútó

Ní Nàìjíríà, ẹ àti ọ ni a ń kọ. Ní Bẹ̀nẹ̀, ɛ àti ɔ ni. Nínú kọ̀ǹpútà Linux, fáìlì kan tí ń jẹ́ ng, tí ó wà ní /usr/share/X11/xkb/symbols, ni ó ń sọ lẹ́tà Yorùbá tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan yóò mú jáde. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ɛ rọ́pò ẹ lè ṣí i, kí ó sì kà á. Ṣùgbọ́n root, èyí tí í ṣe alábòójútó ẹ̀rọ, nìkan ni ó ní àṣẹ láti yí i padà.

Ètò ìkọ̀wé mìíràn a máa jẹ́ kí ènìyàn ṣe àtúnṣe títí. Ìgbà tí ó bá fẹ́ fi í pamọ́ ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀. Bí ó bá pa ètò náà dé, iṣẹ́ ọjọ́ kan ṣòfò nìyẹn. Vim a máa kìlọ̀ ṣáájú. Visual Studio Code a máa bèèrè bóyá kí òun tún un gbìyànjú pẹ̀lú àṣẹ alábòójútó.

Àwọn kan a máa fi sudo ṣí ètò ìkọ̀wé lódindi. Èyí léwu, nítorí pé ohunkóhun tí ètò náà bá ṣe, agbára root ni ó fi ṣe é. Sudoedit sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ: a ṣe ẹ̀dà fáìlì náà, ẹni náà a fi agbára ara rẹ̀ tún ẹ̀dà ṣe; nígbà tí ó bá parí ni sudoedit yóò tó dá a padà sí ipò rẹ̀.

Kí ẹ̀dà kan sì wà nípamọ́ lọ́tọ̀, nítorí pé nígbà tí a bá sọ Linux di ọ̀tun, ng titun lè pa àtúnṣe náà rẹ́.