Ife Olójú àti Ìkòkò Òkè-Ọ̀dàn

Ẹni bá kúrò ní Sakété, tó kọjú sí ìlà oòrùn, kò ní pẹ́ kan ẹnubodè. Òdìkejì rẹ̀ ni Òkè-Ọ̀dàn wà. Yorùbá ni wọ́n ń sọ níbí, òun náà ni wọ́n ń sọ lọ́hùn-ún. Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jọ ṣe lọ́dún 1889 ló pín wọn sọ́tọ̀.

Ní Òkè-Ọ̀dàn yìí ni Àbátàn ti mọ ìkòkò. Nǹkan bí ọdún 1885 ni wọ́n bí i, ìdílé amọ̀kòkò sì ni wọ́n bí i sí. Okìkí rẹ̀ kàn débi pé ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, Robert Farris Thompson, kọ àpilẹ̀kọ gígùn nípa rẹ̀, èyí tó jáde lọ́dún 1969. Kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀ ló gbé orúkọ rẹ̀ jáde, bí kò ṣe àwo ọta òrìṣà Ẹyinlẹ̀, tí àwọn olórìṣà ń kó òkúta odò àti omi odò sí. Ẹ wo ọmọrí rẹ̀: obìnrin ló fi amọ̀ mọ sórí rẹ̀, irun rẹ̀ dì, ojú rẹ̀ là kedere, ó dákẹ́ bí ìyàwó ilé tó ń retí àlejò.

Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ní ohun èlò amọ̀ tó lójú, àmọ́ ọtí ni wọ́n ń fi tiwọn mu. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, ọkùnrin kan, Donn Beach, ṣí ilé ọtí kan ní Hollywood, ó ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ bíi ti àwọn erékùṣù Òkun Pàsífíìkì. Inú irú ilé ọtí bẹ́ẹ̀ ni ife tiki ti jáde nígbà tó yá, tí wọ́n fi ojú ère àwọn ará erékùṣù náà ṣe. Ère tí àwọn kan ń bọ̀wọ̀ fún ni wọ́n ń da ọtí sí nínú. Kò jọ pé ẹnikẹ́ni bi àwọn tó ni ère.

Àbátàn a máa mọ ìkòkò; àwọn tó ń ṣe ife tiki níwọ̀nba nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré, dída ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń da á. Wọ́n á po amọ̀ títí yóò fi ṣàn bí ẹ̀kọ mímu, wọ́n á dà á sínú mọ́ọ̀dù POP. POP á fa omi mu, amọ̀ á dì mọ́ ara rẹ̀, wọ́n á wá da ìyókù nù. Bí mọ́ọ̀dù bá ti gbó, imú á kújú, ìpéǹpéjú á parẹ́.

Lẹ́yìn èyí ló kan glaze: eérú, òkúta lílọ̀ àti amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ omi, tí iná yóò sọ di dígí lára ife. Ibí yìí gan-an ni ọ̀nà ti yà. Iná gbangba tí àwọn ìyá wa ń fi igi àti koríko dá kì í sábà kọjá ìwọ̀n 900 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ irú glaze yìí ń fẹ́ nǹkan bí 1,250. Nítorí náà, bí ìkòkò bá ti ń gbóná lọ́wọ́, omi èèpo igbá, igi tó ń so irú, ni wọ́n ń wọ́n sí i lára kó má baà máa jò.

Ààrò bíríkì tó lè gbóná tó bẹ́ẹ̀ dé Abuja àtijọ́, tó ń jẹ́ Suleja lónìí, nígbà tí Michael Cardew, òyìnbó amọ̀kòkò, dá ibùdó ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Ladi Kwali wọlé lọ́dún 1954, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ọwọ́ ló ṣì fi ń mọ àmù rẹ̀ bó ṣe kọ́ ọ nílé, ó ń fín alángbá àti àkekèé sí i lára, kí wọ́n tó fi glaze bò ó. Àwòrán rẹ̀ ló wà lẹ́yìn owó ogún náírà.

Àmù tó ti wọ glaze dára láti wò, àmọ́ omi inú rẹ̀ kì í tutù bíi ti tẹ́lẹ̀. Ihò tí kò hàn sójú lára amọ̀ tí kò ní glaze ni omi ń gbà yọ díẹ̀díẹ̀. Afẹ́fẹ́ á gbé e lọ, èyí tó kù nínú á sì tutù. Glaze dí gbogbo rẹ̀ pa. Èyí kò pa ife ọtí lára, nítorí wọ́n á da yìnyín sí i. Àbátàn ní tirẹ̀ kò lo glaze rí, omi odò tó wà nínú àwo ọta Ẹyinlẹ̀ sì ń tutù láìsí yìnyín.