Èso Igi Páìnì ní Ọ̀nà Igbó

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò ni ti èso igi páìnì, èyí tí ń ṣí tí ó sì ń padé bí ìlẹ̀kùn, àní lẹ́yìn tí ó ti gbẹ tí ó sì ti já bọ́ sílẹ̀.

Igi yìí pọ̀ ní igbó Rothiemurchus, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Skọ́tlándì. Bí ènìyàn bá ń rìn ní ọ̀nà tóóró inú igbó náà, òjìji a ṣíji bò ó; ewé páìnì, tí ó rí tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, a gbẹ, a sì tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní. Lórí ẹní yìí ni a ti ń rí èso rẹ̀. Kò ní ẹran ara bí ọsàn; ó le bí igi, kì í sábà gùn ju íǹṣì 2 tàbí 3 lọ. Ìpẹ́ bò ó yíká bí ti ẹja. Ní abẹ́ ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan ni hóró 2 wà, olúkúlùkù pẹ̀lú ìyẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tirẹ̀. Nǹkan bí ọdún 2 ni ó fi ń gbó lórí igi.

Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, gbogbo ìpẹ́ náà a là sílẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, wọn a tún padé pinpin. Kì í ṣe ẹ̀mí ni ó ń ṣe èyí. Apá òde ìpẹ́ a máa fa omi mu, a sì wú ju apá inú lọ. Nípa bẹ́ẹ̀ ni ó ń ti ìpẹ́ náà wọlé. Bí ó bá gbẹ, apá òde yìí kan náà a súnkì, a sì fa ìpẹ́ náà padà sí òde.

Èrè wo ni ó wà nínú èyí? Ọmọ páìnì kò lè dàgbà láìrí oòrùn. Òjìji tí ń tu èrò lára ni ó ń pa á. Nítorí náà hóró gbọ́dọ̀ fò jìnnà sí ìdí ìyá rẹ̀. Ìyẹ́ tí omi bá sì ti rin kò lè fò. Ìdí nìyí tí èso fi ń sé ìlẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ òjò, tí ó sì ń ṣí i fún afẹ́fẹ́ gbígbẹ.

Síbẹ̀, ewu pọ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ pupa a máa já ìpẹ́ kúrò títí èso yóò fi dà bí kùùkù àgbàdo. Hóró tí ó bá bọ́, tí ó sì hù, àgbọ̀nrín a tún máa jẹ ọ̀mùnú rẹ̀. Àti iná, àti àáké, àti ẹran ọ̀sìn, gbogbo wọn ni ó ti dín igbó àdáyébá yìí kù. Nígbà tí H. M. Steven àti A. Carlisle kọ ìwé nípa rẹ̀ ní ọdún 1959, ibi 35 péré ni wọ́n kà ní gbogbo Skọ́tlándì.

Bí irú èso yìí bá bọ́ sí wa lọ́wọ́ ní ilé ẹ̀kọ́, kí a fi í sínú ago omi ní òwúrọ̀, kí àwọn ọmọ sì máa bẹ̀ ẹ́ wò. Níbi tí kò bá sí i, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣa èso arère, tí òun náà ní ìyẹ́. Kí wọ́n sọ ọ́ sókè ní gbígbẹ, kí wọ́n sì tún sọ ọ́ ní tútù. Kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i ná, kí a tó máa là á yé wọn.