Ṣé o mọ̀? Ohùn tí ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀mọ̀wé tó kọ̀wé lórí dàdàkúàdà, orin oríkì àwọn ará Ìlọrin, ni ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara, ní Màlété? Ọ̀jọ̀gbọ́n Abdulrasheed Na'Allah ni, ọmọ Ìlọrin. Ọdún 2009 ni yunifásítì náà bẹ̀rẹ̀. Orí mi wú sí i, nítorí alágbe lásán làwọn kan ń pe olórin dàdàkúàdà.

Ṣé o mọ̀ pé inú eré eégún làwọn onímọ̀ sọ pé dàdàkúàdà ti jáde? Ìlọrin sì rèé, ìlú àáfáà. Orin náà ò kú, ó tún ohùn ṣe ni: olórin á kọ́kọ́ dárúkọ Ọlọ́run, á yin Ànábì, kó tó bọ́ sórí oríkì. Àwọn àáfáà kan ò gbà fún un síbẹ̀, àmọ́ ẹni tó ń ṣègbéyàwó ò yéé ránṣẹ́ pè é.

Mo ti fojú ara mi rí ohun tí oríkì ń ṣe. Bàbá kan jókòó jẹ́ẹ́ lóde ìyàwó, ó ti pinnu pé òun ò ní náwó. Olórin bẹ̀rẹ̀ sí í ki bàbá rẹ̀ tó ti kú. Ó kọ́kọ́ dorí kodò. Ìgbà tí oríkì fi máa kan ìyá tó bí bàbá náà, ó ti dìde, omi ti lé ròrò sójú ẹ̀, ọwọ́ sì ti wà nínú àpò.



Odòlayé Àrẹ̀mú, olórin dàdàkúàdà, kú ní 1997, àmọ́ ohùn ẹ̀ ò tíì sinmi. Nínú mọ́tò Màlété lọ́jọ́ kan, dẹ́rẹ́bà fi orin ẹ̀ sí i, níbi tó ti ń ṣọ̀fọ̀ S. L. Akíntọ́lá, Pírẹ́míà Ìwọ̀ Oòrùn táwọn ológun pa ní 1966. Akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó tì mí yọ nǹkan tó kì bọ etí, ó ń gbọ́. Bóyá ni wọ́n tíì bí bàbá ẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀.

Ṣé o sì mọ̀ pé ìjọba Akíntọ́lá yìí kan náà ni eré orí ìtàgé kan ta lára? Ní 1964, Hubert Ògúndé ṣe Yorùbá Ronú. Ìjọba ní kí ẹgbẹ́ òṣèré ẹ̀ má ṣeré mọ́ níbikíbi ní Ìwọ̀ Oòrùn. Rò ó wò: ìjọba tó ní ọlọ́pàá, tó ní kóòtù, ń sá fún ìlù àti aṣọ eré! Iṣẹ́ òòjọ́ àwọn èèyàn ni wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé yẹn, ó sì ń dùn mí títí dòní. Ògúndé ò panu mọ́. Ó tún gbé Òtítọ́ Korò jáde. Ó di 1966, lẹ́yìn tí ìjọba náà ti ṣubú, kí Fájuyì, gómìnà ológun Ìwọ̀ Oòrùn, tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹgbẹ́ òṣèré náà.

Tí ìdìbò bá ti ń súnmọ́lé báyìí, ẹnu ẹni tí ò wo Yorùbá Ronú rí ni wàá ti máa gbọ́ orúkọ ẹ̀.